Èsì: Kí ni ìdí tí a fi ń fi oògùn apakòkòrò sínú ohun èlò nánò?

Ẹ béèrè ohun tí ohun èlò nánò, ìyẹn ohun èlò tí ẹ̀yà rẹ̀ kéré débi pé nánómítà (ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan mítà) ni a fi ń wọ̀n ọ́n, lè ṣe tí abẹ́rẹ́ kò lè ṣe. Àrùn inú egungun ni n ó fi dáhùn. Egungun tí kòkòrò ti bà jẹ́ kì í rí ẹ̀jẹ̀ tó, nítorí náà oògùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri kì í dé ibẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí a bá sì fi kún ìwọ̀n gentamicin, ọ̀kan nínú àwọn oògùn apakòkòrò, tí a ń gún, kíndìnrín àti etí ni yóò jìyà rẹ̀.

Ní 1970, Buchholz àti Engelbrecht ní Jámánì kéde pé àwọn po gentamicin mọ́ sìmẹ́ńtì tí a fi ń lẹ oríkèé àtọwọ́dá mọ́ egungun. Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n oògùn púpọ̀ máa ń tú jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó kù a há sínú rẹ̀, ìwọ̀nba tó sì ń jò lẹ́yìn náà lè jẹ́ kí kòkòrò kọ́ bí a ti í fara da oògùn, èyí tí mo kà sí ewu tó burú jù.

Ibí ni ohun èlò nánò ti wúlò. Lórí irin titanium tí a fi ń ṣe ohun àtọwọ́dá tí a ń fi sínú egungun, a lè fi iná mànàmáná àti kẹ́míkà dá àwọn ihò tóóró, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi nánómítà 100 péré, kí a rọ oògùn sínú wọn, kí a sì fi pólímà (irú ohun bíi ike) fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu wọn kí ó má baà tú dànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ti hóró kéékèèké tí a fi pólímà kan tí ń jẹ́ PLGA ṣe láti gbé oògùn, omi ara fúnra rẹ̀ ni ó ń fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà a kò ní tún la aláìsàn láti yọ ọ́.