Aago Ọwọ́ Tó Ń Pe Ìyá Bí Warápá Bá Dé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Warápá ń ṣe ọmọ mi, ọmọ ọdún 11, òru ló sì máa ń sábà gbé e. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà fẹ́ fi aago ọwọ́ iléeṣẹ́ Empatica ránṣẹ́ sí i. Ṣé màá lè máa sùn báyìí? — Ìyá ọlọ́mọ, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá wa. Ẹ ó sùn díẹ̀, àmọ́ ibi tí ẹsẹ̀ yín ti lè tètè dé ọ̀dọ̀ ọmọ ni kí ẹ sùn sí. Aago yìí kì í sọ pé warápá ń bọ̀. Ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ló ń ké. Èyí tó ń gbo gbogbo ara jìgìjìgì ló sì wà fún. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni ọmọ kàn ń ranjú mọ́ ojú kan fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n yín tọ́jú owó wọn.

Ohun méjì ló ń wò pa pọ̀: bí ọwọ́ ṣe ń gbọ̀n, àti awọ ara. Bí gìrì bá ti ta ọpọlọ jí, awọ á bẹ̀rẹ̀ sí làágùn, ì báà má hàn sójú, iná tín-ín-rín tí aago ń fi ṣe ìwọ̀n á sì túbọ̀ máa gba ara awọ náà kọjá. (Ìmọ̀lára ẹ̀dá ni Rosalind Picard ti yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan lára àwọn tó dá Empatica sílẹ̀, ń fi irú ẹ̀rọ yìí wádìí tẹ́lẹ̀.) Àjọ FDA, tó ń rí sí oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí Embrace, aago Empatica ìgbà náà, fún àgbàlagbà ní 2018, ó sì fi ọmọ ọdún 6 sókè kún un ní 2019. Dókítà ló ń kọ ọ́ fúnni lọ́hùn-ún, owó oṣooṣù sì wà lórí rẹ̀.

Fóònù ni wàhálà ibẹ̀. Aago ń bá fóònù kan sọ̀rọ̀ lórí Bluetooth. Fóònù yẹn ń fi dátà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́. Ẹ̀rọ iléeṣẹ́ á wá pe fóònù tiyín. Nítorí náà, fóònù méjì lẹ nílò, ti àkọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Bí ẹ bá gbé e sí pálọ̀, ògiri búlọ́ọ̀kù lè dí i. Bí dátà bá tán lóru, kò ní ké. Battery saver tó ń ṣọ́ bátìrì fóònù náà máa ń pa áàpù aago mọ́ni lọ́wọ́, ẹ yọ áàpù náà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Kó tó san kọ́bọ̀, kí ẹ̀gbọ́n yín bi iléeṣẹ́ bóyá ìpè wọn ń dé nọ́ńbà Nàìjíríà.

Okùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ fara mọ́ awọ láì fún un. Ìgbà tí ọmọ bá ń wẹ̀ ni kí ẹ fi í sí ṣáájì, kì í ṣe alẹ́. Fífọ eyín, pípàtẹ́wọ́ tàbí gígún iyán lè mú un ké lásán. Ẹ má torí ìyẹn pa á.

Bó bá ké lóòótọ́, ẹ wo aago ògiri, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ẹ gbé ìrọ̀rí kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ má ti ṣíbí bọ ẹnu rẹ̀, ẹ má da àgbo tàbí àdín sí i. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn yá. Oògùn tí dókítà kọ kò gbọdọ̀ dúró, nítorí títàsé rẹ̀ wà lára ohun tó sábà máa ń mú gìrì padà wá.