Ta ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì òkúta Ystad fún yín?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. London lèmi àti ìyàwó mi ń gbé, a sì fẹ́ ṣeré lọ sí Ystad ní Swídìn nínú oṣù kẹfà. Ẹnì kan ní ká sanwó tíkẹ́ẹ̀tì Ales stenar, àwọn òkúta ńláńlá àtijọ́ tó wà nítòsí ibẹ̀, sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ojúmọmọ gùn jù lọ́dún. Ó ní kàlẹ́ńdà oòrùn àwọn ará àtijọ́ ni, pé ẹni tó bá fọwọ́ kan òkúta ibẹ̀ lọ́jọ́ náà á rí ìwòsàn. Ṣé ká san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Ìbéèrè yìí ti ń sú mi í dáhùn.

Orí pápá gbalasa ni òkúta wọ̀nyẹn wà, lórí òkè tó wà létí òkun ní abúlé Kåseberga, nǹkan bíi kìlómítà 18 sí Ystad. Kò ní géètì, ẹnikẹ́ni kì í já tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, tọ̀sán tòru lẹ lè débẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá wa mọ́tò lọ, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ sanwó ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ìyẹn yàtọ̀.

Kàlẹ́ńdà wá ńkọ́? Òkúta 59 ni, wọ́n tò wọ́n bí ọkọ̀ ojú omi tó gùn tó mítà 67. Lóòótọ́ ni imú ọkọ̀ náà kan kọjú sí apá ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí láàárín ìgbà ooru wọn. Ibẹ̀ làwọn kan ti fa kàlẹ́ńdà yọ. Ohun tí wọn kì í sọ fún yín ni pé nígbà tó fi máa di 1916, ọ̀pọ̀ òkúta yẹn ti wó lulẹ̀. Ọdún yẹn ni wọ́n gbé wọn nàró padà, wọ́n sì tún fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní 1956. Aago tí wọ́n ti tú palẹ̀ tí wọ́n tún tò, ta ló máa fi ìṣẹ́jú rẹ̀ búra? Àwọn awalẹ̀pìtàn gbà pé ó ti tó nǹkan bí 1,400 ọdún tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀. Wọ́n rí ìkòkò amọ̀ kan láàárín rẹ̀, egungun èèyàn tí iná ti jó ló wà nínú rẹ̀. Ojú ìrántí òkú ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń wò ó. Ti ìwòsàn, orúnkún ríro lẹ́yìn òkè gígùn nìkan ni mo tíì rí níbẹ̀.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti ìlú Malmö lọ sí Ystad, kò ju bí ìṣẹ́jú 50 lọ. Bọ́ọ̀sì ló kù dé Kåseberga, ṣùgbọ́n ẹ yẹ àkókò rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó jáde. Ẹ mú aṣọ òtútù, nítorí afẹ́fẹ́ orí òkè yẹn kò mọ oṣù kẹfà. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ra ṣáwá tí wọ́n fi èéfín yan ní èbúté.

Ọ̀rọ̀ físà: èmi kì í ṣe lọ́yà o, àmọ́ tó bá jẹ́ páálí Nàìjíríà lẹ ní, ìwé ìgbélùú ti Britain kò lè mú yín wọ Swídìn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ́ḿbásì wọn.

Ẹ sun Ystad mọ́jú. Láti aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 15 lálẹ́ títí di aago kan òru, olùṣọ́ kan máa ń fọn fèrè ní ìṣẹ́jú 15-15 lórí ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì Sankta Maria. Ẹ má sá. Ó ń sọ fún ìlú pé kò sí iná tó ń jó ni.