Ẹ wo ohun tí SSH ń tẹ̀lé, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ kọ

Ẹ kú làálàá o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sáfà yín ṣì ń gba páásíwọ́ọ̀dù lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti kọ PasswordAuthentication no sínú /etc/ssh/sshd_config, ìyẹn fáìlì ètò SSH, ọ̀nà tá a fi ń wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn. Ohun kan náà ló ṣe èmi náà níbí ní Tanke, Ìlọrin, ó sì dùn mí wọra.

Sáfà tí iléèwé kan ń kó èsì ìdánwò sí ni. Mo kọ "no", mo tún SSH tàn, mo lọ sùn. Mi ò mọ̀ pé Ubuntu orí cloud (sáfà tá a yá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) sábà máa ń ní fáìlì mìíràn, 50-cloud-init.conf, nínú fódà /etc/ssh/sshd_config.d, tó lè sọ pé "yes". Èyí tí SSH bá kọ́kọ́ kà ló ń tẹ̀lé, ìlà Include tó ń pe fódà yẹn sì wà lókè sshd_config. Kí "no" tèmi tó dé, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Orúkọ kan wà tí mo fi dán nǹkan wò, "test", páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ò le. Àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì méfò títí wọ́n fi bá a. Nígbà tí mo máa ṣí top, àṣẹ tó ń fi ohun tó ń lo agbára sáfà hàn, nǹkan tó ń wa owó kírípító ti gba 100% agbára sáfà. Àwọn òbí ń pè, èsì ò ṣí. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún un tò látorí ẹ̀dà tí mo tọ́jú.

Ẹ rí i pé kọ́kọ́rọ́ ed25519 yín (fáìlì tẹ́ ẹ fi ń wọlé dípò páásíwọ́ọ̀dù) ń wọlé ná. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ "no" sínú fáìlì tiyín, bíi 00-temi.conf, nínú fódà yẹn, kó lè ṣáájú 50. Ẹ tẹ sudo sshd -t. Tí kò bá fọhùn, kò sí àṣìkọ. Ẹ wá tún SSH tàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti wíńdò tẹ́ ẹ wà nínú rẹ̀ o! Ẹ ṣí òmíràn, kẹ́ ẹ wọlé níbẹ̀ ná. Nẹ́tíwọ̀kì lè já nígbàkigbà, torí náà ẹ ti mọ ibi tí console, ibi tẹ́ ẹ lè gbà wọ sáfà láìlo SSH, wà lójú ìwé àwọn tó ni cloud.

Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ ṣí pọ́ọ̀tù 22, ẹnu ọ̀nà SSH, fún IP (nọ́ńbà ẹni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) kan ṣoṣo. Ó dáa fún ẹni tí IP rẹ̀ kì í yí. Dátà fóònù lèmi ń lò, IP rẹ̀ sì máa ń yí. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi bẹ́ẹ̀ l'Ọ́fà, lọ́jọ́ ọdún.

Tí sudo sshd -T | grep -i passwordauth, tó ń fi ohun tí SSH ń tẹ̀lé hàn, bá ṣì sọ "yes", ẹ fi sudo grep -ri passwordauth /etc/ssh wá fáìlì tó ń sọ ọ́.