Ẹ wo ohun tó máa ṣe tí ọmọ bá kọ̀

Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ẹ ní olùtọ́jú ìhùwàsí méjì lẹ ti bá sọ̀rọ̀ lórí ọmọkùnrin yín ọlọ́dún 4 tó ní ọ́tísìmù, tí kò sì tíì máa sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ní oṣù 6 péré, gbogbo ẹ̀ á ti lọ. Ìkejì ní òun ò lè ṣèlérí kankan, àfi kóun kọ́kọ́ wá wo ọmọ náà nílé. Ẹ wá ń béèrè èwo ni kẹ́ ẹ mú. Olùtọ́jú tí ọmọbìnrin mi ti gba ọwọ́ wọn kọjá kì í ṣe ọ̀kan, nítorí náà màá sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: ẹ jáwọ́ lọ́rọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó ń mú ọ́tísìmù kúrò lára ọmọ. Bí ọpọlọ ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ohun tí olùtọ́jú tó mọṣẹ́ lè ṣe ni pé kó ràn án lọ́wọ́ débi tí yóò fi lè béèrè ohun tó ń fẹ́, kó lè wọṣọ fúnra ẹ̀, kó má sì máa ṣe ara ẹ̀ léṣe. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ò le. ABA, ìyẹn ìmọ̀ bí a ṣe ń wá ìdí ìhùwàsí tí a sì ń kọ́ni ní tuntun, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́, àjọ tó sì gbajúmọ̀ jù tó ń fún wọn níwèé ẹ̀rí ni Behavior Analyst Certification Board ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1998. BCBA, ìyẹn ẹni tí àjọ náà fún níwèé ẹ̀rí ọ̀gá, ti kàwé gboyè kejì ní yunifásítì, ó sì ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kó tó ṣèdánwò. RBT, ìyẹn ọmọṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá yẹn, ló sábà máa ń jókòó ti ọmọ. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 40 àti ìdánwò ni tiẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó máa wà lọ́dọ̀ ọmọ gan-an, torí ọ̀gá lè wá bá yín sọ̀rọ̀ dídùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó jẹ́ ọmọṣẹ́ nìkan lẹ ó máa rí lẹ́yìn náà. Àjọ yẹn ní ọ̀gá gbọ́dọ̀ bójú tó ó kéré tán ìdá 5 nínú 100 wákàtí tí RBT bá fi ṣiṣẹ́ lóṣù. Láti ọdún 2023 ni wọn ò ti gba ẹni tuntun mọ́ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, nítorí náà ẹni tí kò ní BCBA ṣì lè mọṣẹ́ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ò lè sọ ohun tí ẹni náà máa ṣe tí ọmọ bá ní òun ò ṣe. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó wò ó lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá ní àfi kẹ́ ẹ dúró síta, ẹ dá a padà. Mo ti rí i ní oríṣi méjì. Olùtọ́jú kan to káàdì síwájú ọmọ mi, ọmọ tì í dànù, ó fọwọ́ dití. Ni arábìnrin yẹn bá gbá a lọ́wọ́ mú, ó fi ọwọ́ ọmọ mú káàdì náà tipátipá, ó ń ṣe é lọ títí ọmọ fi bú sẹ́kún, ó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ ti parí iṣẹ́. Lọ́wọ́ ẹlòmíì, ohun kan náà ṣẹlẹ̀: ọmọ ti káàdì dànù, ó fọwọ́ dití. Èyí dákẹ́. Ó gbójú sókè wo fáànù tó ń dún, ó dìde lọ pa á, ó padà wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ọmọ fúnra ẹ̀ sún mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló kọ́ ọ bó ṣe máa na káàdì pupa kan síni tí nǹkan bá ti sú u, kó lè sọ pé ó tó.

Ọmọ tí wọ́n bá ti kọ́ pé kíkọ̀ òun ò jẹ́ nǹkan kan lójú àgbà, báwo ló ṣe máa kọ̀ lọ́jọ́ tẹ́nì kan bá fẹ́ fọwọ́ burúkú kàn án? Ọ̀rọ̀ yẹn kì í fi mí lọ́kàn balẹ̀ rárá.

Ẹ tún gbọ́ bó ṣe ń wá ìdí nǹkan. Ẹni tó mọṣẹ́ á bi yín pé kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kí lọmọ ṣe, kí ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọmọ mi ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í forí gbá ògiri, ohun tí olùtọ́jú ẹ̀ kọ́kọ́ béèrè ni ìgbà tó yàgbẹ́ kẹ́yìn. Ó ní ká lọ rí dókítà ná. Inú ló há a. Bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹ̀, gbígbá orí rọlẹ̀. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀, eyín tàbí etí lè máa dùn ún tẹ́nì kankan ò ní mọ̀.

Wọ́n lè sọ fún yín pé àfi wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Inú ìwádìí tí Ivar Lovaas, onímọ̀ ìhùwàsí kan ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1987 ni iye yẹn ti gbajúmọ̀. Ọmọ 19 ló fún ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, ó sì ní 9 nínú wọn ṣe dáadáa bí ẹgbẹ́ wọn níléèwé. Ohun tí wọn kì í sábà fi kún un ni pé wọ́n ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ náà, wọ́n sì ń gbá wọn nítan nígbà míì. Torí náà, ohun tí wọ́n fẹ́ fi wákàtí náà ṣe ni kẹ́ ẹ béèrè. Ọmọ ọdún 4 ní láti sùn, kó sì ṣeré.

Ẹ gba ìwé àfojúsùn kẹ́ ẹ kà á. Tẹ́ ẹ bá rí “kó máa wojú èèyàn” tàbí “kó yéé ju ọwọ́”, ẹ bi wọ́n pé àǹfààní ta nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní ọ́tísìmù, tí wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún ní kékeré, ń sọ ọ́ ní gbangba pé ó pa àwọn lára. Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, ẹni tó bá ní àwòrán tàbí tábílẹ́ẹ̀tì tí ń gbẹnu ọmọ sọ̀rọ̀ á mú kó ya ọ̀lẹ ò mọ ohun tó ń sọ. Kì í dí ọmọ lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀.

Ẹ pe ẹnì kejì yẹn kó wá. Ẹ má tún ilé ṣe ju bó ṣe máa ń rí lọ, ẹ má sì pàrọwà fún ọmọ kó ṣe dáadáa lójú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bá a níbi tínú ti ń bí i. Tẹ́ ẹ bá gbà fún un, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn pé ẹ lè wọlé wò wọ́n nígbàkigbà, ẹ sì lè dá a dúró láìsan owó kún un.