Ọjọ́ tí Joe pe Pip ní "ẹ̀yin"

Àbúrò mi, o ní ẹgbẹ́ yín fẹ́ gbé Great Expectations ti Charles Dickens sórí ìtàgé lédè Yorùbá, pé Pip, ọmọ tí ìtàn náà dá lé, ló ti dàgbà tó ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀ látòkèdélẹ̀, ẹ ò sì mọ ohun tí ẹ ó fi ṣe. Mo ti ṣe eré yẹn rí níbí ní Òṣogbo. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọ́kọ́ ṣubú.

Orí 59 ni ìwé náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń dùn mí láti gé nǹkan kan kúrò. Mo fi asọ̀tàn kan sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, mo ní kó máa ka ọ̀rọ̀ Pip àgbà láàárín ìran sí ìran. Yorùbá rẹ̀ dùn létí mi. Kí ìran kẹrin tó parí, àwọn èèyàn ti ń dìde lọ ra gúgúrú. Ìlú tí Dúró Ládiípọ̀ ti kọ́kọ́ ṣe Ọba Kò So lọ́dún 1963 nìyí. Ìran la wá wò, a ò wá gbọ́ ìwé kíkà. Ọmọ tó ṣe Pip kékeré sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà, ó rò pé òun ló ba eré jẹ́. Mo sọ fún un lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé èmi ni.

Orí 27 ló gbà wá. Joe alágbẹ̀dẹ, ọkọ ẹ̀gbọ́n Pip tó fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré, wá kí i ní London. Pip ti di ẹni ńlá, ojú Joe sì ń tì í. Nínú ìwé, Joe á pè é ní Pip, á tún pè é ní "sir". Fìlà rẹ̀ kò sì yé já bọ́ níbi tó gbé e lé. Èmi ti kọ "sà" síbẹ̀. Kò ta ẹnikẹ́ni lára, torí ta ni a kì í kí ní sà?

Wẹ́dà ni bàbá tó ṣe Joe fún wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a ń ṣe ríhásà, ó wọlé, ó ní, "Pip, ṣé dáadáa lo wà?" Ó wo yàrá náà yíká, ó wo aṣọ ọmọ náà, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ má ṣèyọnu nítorí mi o, mi ò ní pẹ́ lọ."

Gbogbo wa dákẹ́. Àgbà tó tọ́ ọ, tó wá ń fi "ẹ" bá ọ sọ̀rọ̀! Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe Pip fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó sì dúró lágbede méjì. Mo ní kó má yí i padà. Ìdúró yẹn nìkan sọ ohun tí asọ̀tàn mi fi odidi ojú ewé mẹ́ta sọ.

Mo gba ìwé lọ́wọ́ asọ̀tàn. A fi Pip àgbà sí igun ilé arọ, níbi tí Joe ti ń rọ irin, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń wo ara rẹ̀ nígbà èwe. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló lanu. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, àgbà òṣèré ìtàgé, kojú irú ìṣòro yìí nígbà tó sọ The Palm-Wine Drinkard, ìwé Amos Tutùọlá lórí ọ̀mu kan, di eré: ó sọ gbogbo ìrìn àjò ọ̀mu náà di àlá. Èyí náà ọgbọ́n ni, àmọ́ ìtìjú Pip kì í ṣe àlá.

Ẹ yọ Orlick, òṣìṣẹ́ Joe, kúrò. Ẹ má yọ ẹlẹ́wọ̀n tó sá, tó pàdé Pip kékeré ní itẹ́ òkú, ẹ má sì yọ àwọn aago Miss Havisham, ìyàwó tí ọkọ àfẹ́sọ́nà já sílẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó dúró ní ogún ìṣẹ́jú sí aago mẹ́sàn-án.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ mú bírò, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo "o" àti "ẹ" tó ti ẹnu Joe jáde. Ní orí 57, tí àìsàn dá Pip wó, Joe padà sí "o" bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Bí ara Pip ṣe ń yá ni "ẹ" tún ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má kánjú níbẹ̀ rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Pip jí tó rí i pé Joe ti lọ, lẹ́tà kékeré tí Joe kọ sílẹ̀ ló bá. "O" ni mo lò nínú lẹ́tà náà.