Ẹ Bi Wá Léèrè: Àkàrà àti Ọbẹ̀ Ilá ní Salvador

ÌBÉÈRÈ: Mọ̀mí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi ń lọ sí Salvador ní Brazil fún ọdún Yemọja, ọjọ́ 2 oṣù Kejì. Wọ́n ní àkàrà wà níbẹ̀. Ṣé bí a ṣe ń jẹ ẹ́ nílé náà la ó máa jẹ ẹ́? Ìyàwó mi kì í jẹ edé. Tó bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ á wú. — Òǹkàwé, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o. Ẹ jẹ́ n ti orí edé bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ẹ̀wà bíbó tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ pò, ni wọ́n fi ń ṣe acarajé, bí wọ́n ṣe ń pe àkàrà níbẹ̀. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, ó sì ń tóbi tó ìkúùkù àgbà. Ìyá tó ń tà á á fi ọ̀bẹ là á, á bu vatapá sí i: búrẹ́dì rírẹ, ẹ̀pà, kajú, atalẹ̀, oje àgbọn, epo, àti edé gbígbẹ tí wọ́n ti lọ̀ mọ́ ọn. Á fi caruru lé e, ìyẹn ọbẹ̀ ilá, edé wà nínú ìyẹn náà. Ẹ̀yìn èyí ni tòmátì gígé àti edé tí ojú ń rí. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ní kó yọ edé, ti òkè nìkan ló máa yọ. Abará, ẹ̀wà kan náà tí wọ́n wé sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sè bíi móínmóín, sábà máa ń ní edé. Ẹja yíyan àti ìrẹsì ni kí ìyàwó yín dúró tì, kẹ́ ẹ sì máa sọ fún alásè pé “sem camarão”, ìyẹn “láìsí edé”.

Ẹ̀yin ẹ lè jẹ ẹ́ dáadáa. Bó bá bi yín pé “quente?”, ata ló ń béèrè. Ọ̀sán sí alẹ́ ni wọ́n ń pàtẹ, ẹ má wá a láàárọ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ moqueca, ẹja inú ìkòkò amọ̀ pẹ̀lú epo àti oje àgbọn, ẹ kọ́kọ́ béèrè bó ṣe pọ̀ tó. Ìkòkò kan sábà máa ń tó ẹni méjì.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ́ wọn ní àkàrà dídín. Nígbà tí mò ń gbé Rio Vermelho, àdúgbò kan ní Salvador, mo rí ọmọ ilẹ̀ wa kan tó dúró níwájú àtẹ tó ń pariwo pé vatapá ti ba àkàrà jẹ́. Ìyá náà, aláṣọ funfun, gèlè lórí, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, kò fèsì. Ó nu ọ̀bẹ rẹ̀, ó dá ẹni tó kàn lóhùn. Ó dùn mí gan-an. Oúnjẹ Ọya ni àkàrà lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti Brazil. Láyé ẹrú, àwọn obìnrin gbé oúnjẹ kiri lórí àtẹ, àwọn mìíràn sì fi owó rẹ̀ ra ara wọn padà. Ní 2005 ni ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè. Àwọn ló ni í báyìí, bí àwa náà ṣe ni tiwa. Ẹ kí wọn kẹ́ ẹ tó rà á.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n pè mí síbi àsè caruru ní Salvador, ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án. Kí ni mo lè mú dání? — Òǹkàwé, London

ÌDÁHÙN: Ẹ mú suwíìtì lọ fún àwọn ọmọdé, torí ọdún Cosme àti Damião ni, àwọn ẹni mímọ́ Kátólíìkì tí wọ́n so pọ̀ mọ́ àwọn ìbejì. Ọmọ méje ló ń kọ́kọ́ jẹun, wọ́n á jókòó sílẹ̀ yí abọ́ ńlá ká, wọ́n á fọwọ́ jẹ ẹ́. Àgbàlagbà kankan kì í fọwọ́ kan oúnjẹ ṣáájú wọn. Bó bá kàn yín, ẹ yẹ àwo yín wò: wọ́n máa ń fi odidi ilá díẹ̀ sínú ìkòkò, ẹni tó bá sì bá ọ̀kan ní tiẹ̀, òun ló máa se caruru lọ́dún tó ń bọ̀.