Windows Di Tuntun, Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Kọ̀ Jálẹ̀: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀kan láti Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀kan láti Ṣàgámù, ọ̀kan láti Àgọ́-Ìwòyè. Láti ìgbà tí Microsoft ti dẹ́kun àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni irú lẹ́tà báyìí ti ń wọlé. Èyí àkọ́kọ́ ni ó le jù, òun ni n ó sì pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

*Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé, tí mo sì ń ṣe ẹ̀dà ìwé fún àwọn ènìyàn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọkùnrin tí ó máa ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe sọ fún mi pé Windows 10 ti kú, ó sì gbé Windows 11 sí i. Gbogbo ìwé mi ni mo bá níbẹ̀ bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà n kò rójú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mo ti ń lò láti nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá ń tan iná, kò sì tẹ nǹkan kan jáde. Sọ́fítíwíà tí mo fi ń ṣírò owó ọjà kò ṣí mọ́. Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù ni pé, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ojú kọ̀ǹpútà a ṣàdédé ṣókùnkùn, a kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, a sì tún ara rẹ̀ tàn. Ẹgbẹ́ regberegbe méjì ti san àsansílẹ̀ owó ìwé ètò Ojúde Ọba fún mi. Ọmọkùnrin náà ní àfi kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí òun tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n jẹ́ kí ó ṣe é? Onítẹ̀wé, Ìjẹ̀bú-Òde.*

Rárá, ẹ má tíì jẹ́ kí ó pa ohunkóhun rẹ́. Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn iṣẹ́ ọmọkùnrin náà ni lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́, ìdí sì nìyí tí mo fi kọ́kọ́ pè yín lórí fóònù kí ìwé ìròyìn tó jáde, nítorí pé ọjọ́ mẹ́wàá péré ni Windows tuntun fi ń bá ènìyàn tọ́jú ti àtijọ́. Inú àpò kan tí ó ń jẹ́ Windows.old ni ó ń kó o sí. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá náà, ẹni tí ó bá ṣí Settings, tí ó yan System, tí ó sì yan Recovery, yóò rí Go back níbẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà yóò padà sí Windows 10 pẹ̀lú àwọn ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà tí ó gbé sí i àti ètò Settings tí ó yí padà lẹ́yìn àpààrọ̀ yóò pòórá. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, Windows a máa pa àpò náà rẹ́ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹni tí ọjọ́ kò tíì pé fún lè fi kún un títí dé 60 ọjọ́: kí ó ṣí Command Prompt, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó, kí ó sì tẹ DISM /Online /Set-OSUninstallWindow /Value:60 síbẹ̀. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, àṣẹ yìí kò wúlò mọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú rẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà àwọn ìwé yín sórí fíláàṣì tàbí hard disk mìíràn, kí ẹ sì ṣí díẹ̀ nínú wọn lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Mo mọ ẹnìkan tí ó kó kìkì àwọn àmì tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí fíláàṣì, tí ó rò pé ìwé ni òun kó. Ọjọ́ tí ó ṣí i níbòmíràn ni ó tó mọ̀ pé ojú ọ̀nà lásán ni òun kó, ilé kò sí níbẹ̀.

Ó wá di ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Windows kì í bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ògbufọ̀ kan wà láàárín wọn, ètò kékeré kan tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní driver, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó sì sábà máa ń kọ ọ́. Èdè Windows tí ó wà lóde nígbà tí wọ́n kọ ọ́ ni ògbufọ̀ náà gbọ́. Bí Windows bá yí èdè rẹ̀ padà, tí ilé iṣẹ́ náà kò sì pààrọ̀ ògbufọ̀, yóò dà bí ìgbà tí àgbà kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó bá ń sọ ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé fún ọmọ Ọ̀yọ́ tí kò dé ọ̀dọ̀ wa rí: àwọn méjèèjì ń sọ Yorùbá, ọmọ náà sì ń wo ẹnu àgbà lásán. Ní ti ìwé tí kò jáde yìí, ó ṣeé ṣe kí ó má sí èyí tí ó ń ṣàìsàn nínú ẹ̀rọ méjèèjì tí ó wà lórí tábìlì yín. Ìdí rẹ̀ nìyí tí pípa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kò fi ní ran yín lọ́wọ́, nítorí pé bí ẹ bá tún Windows 11 gbé sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ògbufọ̀ tí kò sí lánàá kò ní sí lónìí.

Ohun tí n ó ṣe ni pé n ó yọ okùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà, n ó wọ Printers & scanners, n ó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, n ó lọ sí ojúlé ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì, n ó sì wá driver fún irú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí ti Windows 11, ti Windows 10 oní-64-bit sábà máa ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí driver bá ti wọlé tán ni n ó tó dá okùn padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gba àwọn sọ́fítíwíà tí ń ṣèlérí pé àwọn yóò bá yín wá gbogbo driver ayé ní ìṣẹ́jú kan. Oníṣègùn inú mọ́tò ni wọ́n, tí oògùn kan ṣoṣo rẹ̀ ń wo ibà, jẹ̀díjẹ̀dí àti àìróorunsùn. Bí ti Windows 10 náà kò bá sì sí tàbí kò bá ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ náà má bá Windows tuntun ṣe, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ná owó síbòmíràn.

Ti ojú tí ń ṣókùnkùn gba sùúrù díẹ̀. Aláwọ̀ búlúù ni ojú ewé yẹn tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2025 ni Microsoft sọ ọ́ di dúdú nínú Windows 11. Nígbà tí ó bá tún wá, ẹ fi fóònù yín ya àwòrán rẹ̀ kíá. Ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni ẹ̀rí, bí ẹ bá sì rí orúkọ kan tí ó parí sí .sys, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ orúkọ driver tí ó dá wàhálà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ reliability sínú àpótí ìwádìí, kí ẹ sì ṣí View reliability history. Ẹ ó rí àkọsílẹ̀ lọ́jọ́ọjọ́, tí àmì pupa wà lórí ọjọ́ tí nǹkan kan dákú. Ẹ wò ó bóyá àmì pupa ti wà níbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí ọmọkùnrin náà wá. Mo fi tẹnu mọ́ èyí nítorí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé àpààrọ̀ ni àpààrọ̀ fà: RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́ sí) tí ó ti ń bàjẹ́, eruku tí ó ti dí fáànù inú ẹ̀rọ, iná jẹnẹrétọ̀ tí ń ga tí ń sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n lè mú kọ̀ǹpútà dákú, ẹni tí ó débẹ̀ kẹ́yìn ni a ó sì kọ́kọ́ nàka sí. Ètò kan tí ó ń jẹ́ Windows Memory Diagnostic wà nínú Windows fúnra rẹ̀ tí yóò yẹ RAM wò. Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá ní áńtífáírọ́ọ̀sì àtijọ́ kan tí ẹ ti gbé sí i ní ìgbà Windows 10, ẹ yọ ọ́ kúrò fún ọjọ́ méjì kí ẹ wò ó. Èyí tí ó wá pẹ̀lú Windows yóò máa ṣọ́ ilé nígbà náà. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́.

Sọ́fítíwíà ìṣirò owó ni ó rọrùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ àmì rẹ̀, ẹ yan Properties, kí ẹ sì ṣí Compatibility, níbi tí ẹ ti lè ní kí Windows ṣe sí i bí Windows 7 tàbí 8. Bí kò bá gbà, ẹ wò ó nínú Windows Features bóyá .NET Framework 3.5, ètò tí àwọn sọ́fítíwíà kan ń gbára lé, wà ní títàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà àtijọ́ ni kò lè dìde láìsí i. Sọ́fítíwíà oní-32-bit ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 11. Oní-16-bit ni kò lè ṣiṣẹ́ rárá.

Ẹ tún bá mi bi ọmọkùnrin yín ní ìbéèrè kan: ṣé kọ̀ǹpútà náà kún ojú òṣùwọ̀n, àbí ó fi ọgbọ́n fò ó? Windows 11 ń béèrè RAM 4 GB, àyè ìpamọ́ 64 GB, TPM 2.0 (ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tí ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò), Secure Boot (ààbò nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn), àti processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tí ó wà lórí àkọsílẹ̀ Microsoft, èyí tí ó jẹ́ pé láti ìran kẹjọ Intel ni ó ti bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Ọ̀nà wà láti fo àyẹ̀wò yìí, àwọn oníṣẹ́ sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe fún kọ̀ǹpútà tí ó gba ojú fèrèsé wọlé.

Bí ó bá jẹ́ tèmi ni, pẹ̀lú owó àwọn regberegbe tí ó ti wà lọ́wọ́ yín, n ó padà sí Windows 10 lónìí, n ó tẹ ìwé ètò wọn, n ó jẹ́ kí ọjọ́ kẹta Iléyá kọjá kí àwọn ẹlẹ́ṣin ti jó lọ, kí n tó tún dá a dáwọ́ lé. Nígbà náà, ẹ ó ti mọ̀ bóyá driver wà tàbí kò sí.

*Mo kí yín o. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì ni mí ní Ṣàgámù. Ọdún 2014 ni mo ra laptop mi, RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB, hard disk ni ó sì ń lò. Windows 10 ni ó wà lórí rẹ̀, ó ń falẹ̀ bí ìgbín. Ọmọ mi tí ó wà ní Èkó ní kí n sọ ọ́ nù. Ṣé Windows 11 kò lè mú un yára ni? Bàbá Olùkọ́, Ṣàgámù.*

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Windows 11 kò ní mú un yára, processor ọdún 2014 kò sì sí lórí àkọsílẹ̀ tí mo mẹ́nu kàn lókè. Ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí ẹ ó fi sọ ọ́ nù. Hard disk yẹn ni ó ń fà á sẹ́yìn: awo kan tí ń yí ni ó wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan sì níláti máa rìn lórí rẹ̀ láti wá ohun gbogbo, nígbà tí SSD, irú ibi ìpamọ́ mìíràn, kò ní ohunkóhun tí ń rìn. Bí ẹ bá fi SSD rọ́pò rẹ̀, tí ẹ sì sọ RAM di 8 GB bí laptop náà bá gbà á, ẹ ó rò pé ẹ̀rọ mìíràn ni. Ní ti ààbò, Microsoft ṣì ń fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ ní àtúnṣe ààbò Windows 10 títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Ẹ ó nílò àkáǹtì Microsoft, Windows 10 yín sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 22H2, èyí tí ó jáde kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ó bá jẹ́ pé ímeèlì, ìròyìn àti ìwé kíkọ nìkan ni ẹ ń fi í ṣe, ẹ dán Linux Mint wò, ètò mìíràn tí ó lè rọ́pò Windows. Ọ̀fẹ́ ni, a sì lè tan án láti orí fíláàṣì láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú laptop. Bí bátìrì rẹ̀ kò bá dúró mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé ohunkóhun sí i. Bí NEPA bá mú iná lọ ní àárín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, laptop náà lè má tàn mọ́.

*Ẹ̀yin àgbà, mo kúnlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àgọ́-Ìwòyè. Laptop mi ṣe àtúnṣe BIOS (ètò tí ó kọ́kọ́ ń jí nígbà tí a bá tan án) lẹ́yìn tí mo gbé Windows 11 sí i, ó wá ń béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 tí n kò gbọ́ rí. Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi wà nínú rẹ̀. Ẹnìkan ní òun lè ṣí i ní ₦25,000. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Àgọ́-Ìwòyè.*

Ọmọ mi, má tíì fún un ní kọ́bọ̀. BitLocker, àgádágodo Windows tí ń ti ohun inú kọ̀ǹpútà pa, ni ó ti ìlẹ̀kùn: ó rí i pé BIOS ti yí padà, ó sì ń fura pé bóyá olè ni. Fi fóònù rẹ wọ aka.ms/myrecoverykey pẹ̀lú ímeèlì tí o lò nígbà tí o kọ́kọ́ tan laptop náà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó tà á fún ọ ni ó fi ímeèlì tirẹ̀ sí i, òun ni kí o lọ bá. Oríṣiríṣi kọ́kọ́rọ́ lè wà níbẹ̀. Èyí tí Key ID rẹ̀ (àmì ìdánimọ̀ kọ́kọ́rọ́) bá bá èyí tí ó wà lójú laptop rẹ mu ni kí o tẹ̀. Láìsí kọ́kọ́rọ́ náà, ohun tí ọkùnrin yẹn lè ṣe kò ju kí ó pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ lọ, iṣẹ́ ìwádìí rẹ á sì bá a lọ. Bí ó bá ti ṣí, kọ nọ́ńbà 48 náà sínú ìwé, kí o sì fi ẹ̀dà iṣẹ́ ìwádìí náà ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an.